Ṣé ìjọba lè gba ilé lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù tó pa ilé tì? Ìdáhùn fún ìyá wa kan ní Bronx

Ìbéèrè: "Ẹ káàárọ̀ o. Bronx, New York ni mò ń gbé, àpátímẹ́ǹtì 40 ló wà nínú ilé wa. Láti November ni hítà ò ti ṣiṣẹ́ dáadáa, ara ògiri bàlùwẹ̀ mi ti dúdú, ó ń bu, eku ń sáré kiri, lánlọ́ọ̀dù ò sì ń gbé fóònù àfi tówó ilé bá ti pẹ́. Aládùúgbò mi ní ìjọba máa gba ilé náà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á sì pín in fún àwa tá à ń gbébẹ̀, pé ká má sanwó ilé mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Tí wọ́n bá gbà á, ṣé a ò ní sùn síta? Pépà èmi fúnra mi ò tíì pé, ẹ̀rù sì ń bà mí láti pe ẹnikẹ́ni."

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú mà. Òtútù New York kì í ṣe nǹkan tó yẹ kéèyàn máa mú mọ́ra nínú ilé tó ń sanwó fún, torí náà n ò ní fọ̀rọ̀ falẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba lè gba ilé lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù tó pa ilé tì. Òfin wà níbẹ̀, ó ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé nílùú yìí. Àmọ́ èyí tí aládùúgbò yín ń sọ yẹn, pé wọ́n á gbà á, wọ́n á pín in, kẹ́ ẹ má sanwó mọ́, ẹ má tẹ̀ lé e o, ó lè kó yín sí wàhálà ńlá. Gbígba ilé pátápátá ló gùn jù nínú gbogbo ọ̀nà tó wà, òun ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Èyí tó yá jù, tí ayálégbé fúnra ẹ̀ lè dá sílẹ̀ láì dúró de mayor kankan, ni kí kọ́ọ̀tù gba ìṣàkóso ilé kúrò lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, kó yan ẹlòmíì tá máa gba owó ilé táá sì máa fi tún ilé ṣe. Ilé á ṣì máa jẹ́ ti lánlọ́ọ̀dù lórí ìwé, ṣùgbọ́n owó ò ní wọ àpò ẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kójú yín wà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ pépà ná, torí mo mọ̀ pé òun gan-an ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Tẹ́ ẹ bá pe 311, ìyẹn nọ́ńbà fóònù tí ìlú fi ń gba ẹ̀sùn, láti fẹjọ́ hítà sùn, wọn ò ní bi yín ní pépà. Ìnspẹ́kítọ̀ tó bá wá ò ní bi yín, ògiri àti bọ́ílà àti eku ló wá wò. Akọ̀wé ní kọ́ọ̀tù ilé náà ò ní bi yín. Òfin ìpínlẹ̀ New York tiẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé lánlọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ máa fi immigration dẹ́rù ba ayálégbé torí pé ó fẹjọ́ ilé sùn. Láti 2019 sì nìyí, tẹ́ ẹ bá fẹjọ́ sùn pẹ̀lú òótọ́ inú, tí lánlọ́ọ̀dù wá fẹ́ lé yín tàbí tí ò fẹ́ tún lease yín ṣe láàárín ọdún kan, ohun tí kọ́ọ̀tù á kọ́kọ́ gbà ni pé ẹ̀san ló ń gba, òun ló máa wá wí tẹnu ẹ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́rù bá ṣì ń bà yín, ẹ jẹ́ kí aládùúgbò tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀ ṣíwájú, kórúkọ tiẹ̀ wà lókè, kẹ́yin wà láàárín àwọn yòókù. Kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀.

Ó dáa. Ohun tí mo máa ń rí ní gbogbo ìgbà ni pé àwọn èèyàn wa á pe súpà, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó ilé fún lánlọ́ọ̀dù, wọ́n á pe ọ́fíìsì lánlọ́ọ̀dù, wọ́n á fi fóònù bú wọn, wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ títí òtútù á fi lọ, ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Tẹ́jọ́ bá wá dé kọ́ọ̀tù, kò sí nǹkan kan lákọsílẹ̀. Iléeṣẹ́ ìlú tó ń rí sọ́rọ̀ ilé gbígbé, HPD ni wọ́n ń pè é, ohun tí ò bá sí nínú ìwé wọn, adájọ́ ò lè rí i. Torí náà 311 ni, gbogbo ìgbà tí hítà bá kú, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ àpátímẹ́ǹtì kan o, kí ọ̀pọ̀ pè. Tí wọ́n bá ní ìnspẹ́kítọ̀ ń bọ̀, kí ẹnìkan wà nílé, torí tí wọn ò bá rẹ́ni ṣílẹ̀kùn wọ́n lè pa fáìlì dé.

Ohun tí ìnspẹ́kítọ̀ bá rí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ bíi violation, ìyẹn ibi tí ilé ti rú òfin, wọ́n sì pín in sọ́nà mẹ́ta. Class A ò léwu, lánlọ́ọ̀dù ní 90 ọjọ́ láti tún un ṣe. Class B léwu, 30 ọjọ́. Class C ni èyí tó lè pààyàn tàbí kó ṣe é léṣe kíákíá, wákàtí 24 ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, tó bá wá jẹ́ hítà tàbí omi gbígbóná, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kó ṣe é. Láti October 1 sí May 31 ni àkókò hítà, láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́ inú ilé gbọ́dọ̀ tó dígírì 68 Fahrenheit tí ìta bá ti wálẹ̀ kúrò ní 55, lálẹ́ ó gbọ́dọ̀ tó 62 bó ti wù kí ìta rí. Ẹ ra tẹmómítà kékeré, ẹ gbé e kọ́ sínú yàrá, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ fèrèsé o, àárín yàrá, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé ọmọléèwé kan: ọjọ́ báyìí, aago mẹ́fà àárọ̀, ìta 29, inú ilé 57. Láràárọ̀, lálaalẹ́. Mo ti rí lọ́yà lánlọ́ọ̀dù tó wọ kọ́ọ̀tù pẹ̀lú ìwé epo àti ìwé ẹni tó tún bọ́ílà ṣe, tó ń sọ̀rọ̀ ketekete, tí ìyá àgbà kan wá fa irú ìwé yìí yọ nínú báàgì ẹ̀, ojú ewé sí ojú ewé pẹ̀lú bíró aláwọ̀ búlúù, adájọ́ gbà á, ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, gbogbo yàrá dákẹ́. Lọ́yà yẹn ò rọ́rọ̀ sọ mọ́.

Kì í ṣe pé mò ń fi ọ̀rọ̀ hítà ṣe àríyànjiyàn lásán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bronx, ẹ rántí January 9, 2022, iná Twin Parks ní East 181st Street. Hítà onínáà tí wọ́n gbé sínú yàrá ló gbaná, ṣùgbọ́n iná yẹn fúnra ẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ní àpátímẹ́ǹtì tó ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ló pa wọ́n. Òfin ní ilẹ̀kùn àpátímẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ máa pa ara ẹ̀ dé, àwọn tó sá jáde fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ kò sì padé, èéfín bá gba ibẹ̀ jáde, ó gba orí àtẹ̀gùn gòkè ilé alájà 19, èèyàn 17 ló kú, mẹ́jọ nínú wọn ọmọdé. Irin kékeré kan lára ilẹ̀kùn, tí owó àtúnṣe ẹ̀ ò tó nǹkan. Torí náà mà, kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yín kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, tí ò bá padà lọ padé fúnra ẹ̀ kó sì há, class C nìyẹn, ẹ pe 311 lọ́tọ̀ fún un. Ẹ wo ti àtẹ̀gùn náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́ọ̀tù. Bronx Housing Court wà ní 1118 Grand Concourse. Ẹjọ́ tí ayálégbé ń pè kí wọ́n tún ilé ṣe, HP Action lorúkọ ẹ̀, ẹ ò nílò lọ́yà láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, $45 ni owó ẹ̀, tọ́wọ́ yín ò bá sì ká a wọ́n lè ní kẹ́ ẹ má san án. Ẹ lè dá a pè, ẹ lè jọ pè é gẹ́gẹ́ bí ilé kan, jíjọ pè é ló dáa jù. HPD á rán ìnspẹ́kítọ̀ wá, adájọ́ á fún lánlọ́ọ̀dù ní ọjọ́, tó bá kọ̀, ìtanràn á bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ara wọn. Fún ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ máa ń parí síbí, torí lánlọ́ọ̀dù tó kàn ń ṣọ̀lẹ tàbí tó ń fi owó pamọ́ á dìde tó bá rí adájọ́.

Ṣùgbọ́n irú lánlọ́ọ̀dù míì wà tí ìtanràn ò ṣe nǹkan kan fún. Orúkọ LLC, ìyẹn kọ́ńpìnnì, ló fi ra ilé, báǹkì ló ni owó tó fi rà á, ohun tó ń wá ni owó ilé oṣooṣù, tílé bá sì bàjẹ́ tán á tà á tàbí kó fi sílẹ̀ fún báǹkì. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe òfin 7A fún.

7A ti wà láti 1965. Ohun tó sọ ni pé tí ipò ilé bá léwu fún ẹ̀mí tàbí ìlera, tó ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán, bíi kò sí hítà, kò sómi, kò síná, eku ti gbalẹ̀, ìdá mẹ́ta àwọn ayálégbé tàbí HPD fúnra ẹ̀ lè ní kí kọ́ọ̀tù yan alábòójútó. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n wí o, kì í ṣe ọdún márùn-ún. Alábòójútó yẹn á máa gba gbogbo owó ilé, á fi ra epo, á fi tún bọ́ílà ṣe, á fi pe apeku, ó lè yá owó lọ́dọ̀ HPD pàápàá fún iṣẹ́ ńlá, gbèsè yẹn á sì wà lọ́rùn ilé, èyí tó túmọ̀ sí pé lánlọ́ọ̀dù ló máa san án tó bá fẹ́ gba ilé ẹ̀ padà. HPD ní orúkọ àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n lè ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe máa ń rí gan-an, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé ọjọ́ tí alábòójútó bá dé ni ìyà tán. Ilé kan wà tí mo bá wọn débẹ̀. Alábòójútó dé, ó gbé tọ́ọ̀ṣì wọ ìsàlẹ̀ ilé, táńkì epo gbẹ, bọ́ílà ń jo, omi ti tó kókósẹ̀. Owó ilé àkọ́kọ́ tó gbà, epo ló fi rà tán. Àwọn ayálégbé bínú, wọ́n ti ń retí pé wọ́n á kun ilé, wọ́n á pààrọ̀ kábíńẹ́ẹ̀tì kíṣìnnì, ó ní rárá, hítà ná. Àwọn mélòó kan tiẹ̀ kọ̀ láti sanwó fún un, wọ́n ní tí lánlọ́ọ̀dù bá tún wá béèrè owó kan náà ńkọ́? Ó di dandan kó lẹ ìwé àṣẹ adájọ́ mọ́ ara ògiri ní lọ́bì kí gbogbo ayé lè kà á pé òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó. Nígbà tí gbogbo wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í san, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ohun tí 7A jẹ́ nìyẹn, owó tiyín ló ń tún ilé ṣe, ó kàn jẹ́ pé lórí ilé ló wá ń lọ báyìí. Tí ìdajì ilé ò bá sanwó, alábòójútó ò ní idán kankan tó fẹ́ pa. Ẹ sì mọ̀ pé lánlọ́ọ̀dù lè bọ́ síwájú adájọ́ kó ní òun á tún un ṣe fúnra òun, adájọ́ lè ní kó gbé owó kalẹ̀ bí ẹ̀rí, kó sì fún un láyè. Ẹ má jẹ́ kíyẹn bà yín lọ́kàn jẹ́, tó bá gbé owó kalẹ̀ lóòótọ́ tó sì ṣiṣẹ́, ohun tẹ́ ẹ ń wá nìyẹn.

Ìlú náà ní ọ̀nà tiẹ̀ tó lè gbà wọlé láì dúró de yín. Fún àwọn class C kan tí lánlọ́ọ̀dù ò ṣe, HPD lè gbé òṣìṣẹ́ tiwọn wá ṣe é, wọ́n á fi bíìlì ránṣẹ́, bí ò bá san án, ó di gbèsè lórí ilé bíi owó orí. Láti 2007 sì ni ètò kan ti wà tí wọ́n fi ń mú àwọn ilé tó burú jù nílùú, 250 lọ́dọọdún, tí wọ́n á máa ṣọ́ wọn lójú méjèèjì, táwọn onílé bá kọ̀ láti tún un ṣe ìlú lè wọlé wá pààrọ̀ bọ́ílà tàbí páìpù kí wọ́n fi gbèsè ẹ̀ lé ilé lórí. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ gbèsè yìí, òun ni ilẹ̀kùn tí gbígba ilé pátápátá ń gbà wọlé.

Ibẹ̀ náà ni ìtàn aládùúgbò yín ti wá, kò kàn hùmọ̀ ẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1970s, South Bronx àti Harlem àti apá kan Brooklyn ń dahoro. Lánlọ́ọ̀dù á máa gbowó ilé, kò ní san owó orí, kò ní ra epo, nígbà tí ò bá sí nǹkan tó kù láti jẹ lára ilé mọ́, á bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn míì finá sí i torí owó insurance. October 1977, ààrẹ Jimmy Carter fúnra ẹ̀ wá dúró ní Charlotte Street ní Bronx, ó dà bíi pé ogun ti jà níbẹ̀. Ní 1976 ìlú ti yí òfin padà, tẹ́lẹ̀ onílé gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè owó orí fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó lè gba ilé ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọdún kan. Èrò wọn ni pé ẹ̀rù á ba àwọn lánlọ́ọ̀dù, wọ́n á sanwó. Wọn ò san o. Wọ́n kó ilé fún ìlú. Kí ìlú tó mọ̀, ó ti di lánlọ́ọ̀dù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé, èyí tó léèyàn àti èyí tó ti ṣófo, orílé ń jò, páìpù ti bẹ́, owó ò sì sí torí New York fúnra ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gbèsè ku nígbà yẹn. Àwọn tó gbé nínú ilé ìlú láyé ìgbà náà lè sọ fún yín pé ẹni tí ò tún un ṣe tẹ́lẹ̀ ló kàn yí padà.

Ohun tó gbà wọ́n ni pé àwọn ayálégbé kan ò dúró. Wọ́n kóra jọ, wọ́n ń gbá àtẹ̀gùn, wọ́n ń tún bọ́ílà ṣe, ìlú wá ṣe ètò kan ní 1978, wọ́n pè é ní Tenant Interim Lease, kí ayálégbé máa ṣàkóso ilé fúnra wọn, tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, kí kálukú ra àpátímẹ́ǹtì ẹ̀ ní $250. Ẹ ò ṣì í kà, igba dọ́là ó lé àádọ́ta. Ilé bẹ́ẹ̀ lé ní 1,000 títí dòní, HDFC ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tó wá di 1986, Mayor Koch gbé ètò ọdún mẹ́wàá kan kalẹ̀ tí owó ẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là láti tún àwọn ilé tó ti bàjẹ́ kọ́ kí wọ́n sì kọ́ tuntun. Torí náà aládùúgbò yín sọ òótọ́, pé wọ́n pín ilé fún ayálégbé rí. Kò kàn sọ pé àwọn tó gbà á fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ fún un, wọ́n sì ń sanwó ilé ní gbogbo àkókò yẹn.

Nígbà tó yá ìlú ò fẹ́ jẹ́ lánlọ́ọ̀dù mọ́. Òfin 1996 ló sọ pé tí ilé bá jẹ gbèsè, tó sì bàjẹ́, kó má wọ ọwọ́ ìlú mọ́, kó gba ọ̀dọ̀ kọ́ọ̀tù kọjá tààrà sọ́wọ́ ẹlòmíì tá tún un ṣe. Third Party Transfer nìyẹn. Ilé tí wọ́n ń wò fún un ni èyí tí gbèsè orí ẹ̀ ti tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó ilé náà, tó sì tún ní violation class B àti C tó tó márùn-ún fún àpátímẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, tàbí gbèsè àtúnṣe pàjáwìrì tó tó $1,000. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ gbèsè ló wà níwájú. Lánlọ́ọ̀dù tó pa ilé tì àmọ́ tó ń san owó orí ẹ̀ déédéé, òfin yìí ò lè kàn án, bó ti wù kí ògiri yín dúdú tó. Lẹ́yìn ìdájọ́, onílé ṣì ní oṣù mẹ́rin láti wá san gbèsè kó gba ilé ẹ̀ padà.

Òfin yẹn tún ilé púpọ̀ ṣe, ó sì pa àwọn kan lára tí ò yẹ kó pa, kí n má purọ́ fún yín. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́, tí ilé kan bá bàjẹ́ ní àdúgbò kan, wọ́n lè kó àwọn ilé míì tó jẹ gbèsè ní àdúgbò kan náà mọ́ ọn, kódà tí ilé yẹn dúró dáadáa. Àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní Brooklyn tó ti ra ilé láti ọjọ́ pípẹ́, tí gbèsè omi tó wà lọ́rùn wọn ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ilé, jí lọ́jọ́ kan wọ́n ní ilé ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Ilé HDFC pàápàá wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn tí ìlú fún nílé lánàá. Ariwo pọ̀, ní 2019 adájọ́ kan ní Brooklyn dá ilé padà fún àwọn kan nínú wọn, ìlú sì so ètò náà rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Ẹni tí òfin yẹ kó mú ni ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ 40 ẹbí tí ò ra epo, kì í ṣe ìyá arúgbó tó gbàgbé bíìlì omi.

Nígbà tó di May 2023, kọ́ọ̀tù àgbà jùlọ Amẹ́ríkà wá dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ẹni ọdún 94 kan, Geraldine Tyler, ní Minnesota, gbèsè owó orí ẹ̀ pẹ̀lú èlé àti ìtanràn tó bíi $15,000, ìjọba ìbílẹ̀ ta ilé náà ní $40,000, wọ́n kó gbogbo ẹ̀. Adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò pé kò ṣeé ṣe, gbèsè yín ni kẹ́ ẹ gbà, $25,000 tó ṣẹ́ kù tiẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, ìlú tó bá fẹ́ gba ilé torí gbèsè gbọ́dọ̀ ronú sí owó tó máa ṣẹ́ kù fún onílé. Ọ̀nà míì tó sì kù, pé kí ìjọba fi agbára gba ilé fún ànfààní ará ìlú, òfin ilẹ̀ yìí ní wọ́n gbọ́dọ̀ san iye tó tọ́ fún onílé, ó dáa ó burú. Torí náà nígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé mayor tuntun, Zohran Mamdani, sọ nígbà kámpéènì pé ìlú á gba ilé lọ́wọ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù tó ń pa ilé tì, ó lè ṣeé ṣe, àwọn ọ̀nà tí mo kà sílẹ̀ yìí ló máa gbà ṣe é, gbogbo ẹ̀ ló sì ní kọ́ọ̀tù àti owó nínú.

Èmi fara mọ́ ọn pé kí ìlú ní agbára yẹn, kó sì lò ó. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé ta ló máa tan bọ́ílà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì? Ẹ wo NYCHA, ilé tí ìjọba fúnra ẹ̀ ń fi háyà fáwọn tówó ò tó lọ́wọ́ wọn. Hítà ń kú níbẹ̀, ògiri ń bu, eku wà, ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè kì í ṣiṣẹ́, ó burú débi pé ní January 2019 ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹnìkan wá máa ṣọ́ wọn. Ọwọ́ tí ilé bọ́ sí ṣe pàtàkì ju ọwọ́ tó ti kúrò lọ, torí náà tí ọ̀rọ̀ yín bá dé 7A, ẹ béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ yàn, ilé wo ló ti ṣàkóso rí, kẹ́ ẹ lọ bá àwọn ayálégbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ó wá ku owó ilé. Ẹ má jẹ ẹ́. Mo tún un sọ, ẹ má ná an. Òfin wà láti 1975 pé lánlọ́ọ̀dù tó bá gbowó ilé gbọ́dọ̀ fúnni ní ilé tó ṣeé gbé, adájọ́ sì lè gé owó ilé yín wálẹ̀ torí oṣù tẹ́ ẹ fi wà nínú òtútù. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dáwọ́ owó dúró, lánlọ́ọ̀dù á gbé yín lọ sí kọ́ọ̀tù fún gbèsè, ọjọ́ yẹn adájọ́ á béèrè pé owó dà? Ẹni tó bá ní òun ti fi tọ́jú ọmọ, àánú ẹ̀ á ṣe mí, ṣùgbọ́n ó ti wọ wàhálà. Tẹ́ ẹ bá jọ pinnu láti má san, kí ó jẹ́ gbogbo ilé, kẹ́ ẹ ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí owó kálukú wà ní báǹkì lọ́tọ̀, pé pérépéré. Lọ́yà ọ̀fẹ́ wà fún ẹni tówó ń wọlé fún díẹ̀ tí wọ́n bá ń gbìyànjú láti lé e, láti 2017 ni òfin ìlú yìí ti fi í lélẹ̀, ẹ pe 311 kẹ́ ẹ ní Tenant Helpline lẹ fẹ́.

Ṣé ẹ máa sùn síta? Tó bá jẹ́ 7A, rárá. Ẹ wà nínú ilé yín, lease yín ṣì dúró, ẹni tẹ́ ẹ ń sanwó fún nìkan ló yí padà. Tó bá jẹ́ pé ilé bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì pátápátá, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ kúrò fúngbà díẹ̀ kí wọ́n fi ṣiṣẹ́, owó ilé náà sì lè yí padà lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ gba gbogbo ìlérí wọn sórí ìwé. Èyí tẹ́rù ẹ̀ ń bà mí ni vacate order, tí ìnspẹ́kítọ̀ bá rí i pé ilé lè wó tàbí pé iná lè sọ, wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà, ọjọ́ yẹn náà lẹ máa jáde. Red Cross ló máa kọ́kọ́ gbà yín, HPD á wá tẹ̀ lé e. Ẹ̀tọ́ yín láti padà ò kú o! Tó bá jẹ́ pé rent-stabilized ni àpátímẹ́ǹtì yín, ìyẹn èyí tí òfin ń díwọ̀n bí owó ẹ̀ ṣe lè lọ sókè, ẹ kọ̀wé sí DHCR, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí owó ilé, kí wọ́n gé owó ilé yín wálẹ̀ sí $1 lóṣù. Dọ́là kan yẹn ló ń di àyè yín mú títí ẹ ó fi padà. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀, wọ́n lọ wọn ò padà mọ́, lánlọ́ọ̀dù sì tún ilé ṣe, ó gbé e fún ẹlòmíì lówó gọbọi.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò yín: ilé 40 lẹ wí, tí gbogbo ẹ̀ bá léèyàn, ìdá mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ 14. Àpátímẹ́ǹtì mẹ́rìnlá ni 7A nílò. Ẹ kan ilẹ̀kùn láti òkè wálẹ̀, ẹ ṣèpàdé ní lọ́bì, òfin fàyè gbà á, lánlọ́ọ̀dù ò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé yín níbẹ̀ tàbí gba owó lọ́wọ́ yín fún un. Kí kálukú kọ orúkọ àti nọ́ńbà ilé ẹ̀ àti ohun tó bàjẹ́, kí gbogbo yín pe 311 láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Kí ẹnìkan tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò ṣí HPD Online, kó tẹ àdírẹ́sì ilé yín, gbogbo violation tó ti wà lórí ilé náà á jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ sí Grand Concourse, ẹ kọ́kọ́ pe HP Action, ẹ béèrè lọ́wọ́ lọ́yà ọ̀fẹ́ bóyá ti 7A yá. Tí wọ́n bá ti fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa fojú kan adájọ́, ẹ kọ̀wé sí mi, kí n bá yín wo àwọn ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ.